Físà Ìbẹ̀wò sí Amẹ́ríkà fún Ẹni tí Ọkọ tàbí Aya Rẹ̀ Jẹ́ Ọmọ Amẹ́ríkà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Ará Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́

Ìyàwó mi jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà. Ṣé mo ṣì lè gba físà ìbẹ̀wò, àbí dandan ni kí n gba ti ìgbéyàwó?

Òfin ò dí yín lọ́nà. Kò síbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹni tó fẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ lọ kí àwọn àna rẹ̀, kó lọ síbi ìsìnkú, tàbí kó lọ lo ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó sì padà sílé. Físà B-2 ni irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ ń béèrè. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní 214(b). Òun ló ní kí òṣìṣẹ́ físà ka gbogbo ẹni tó bá wá béèrè B-2 sí ẹni tó fẹ́ lọ jókòó pa sí Amẹ́ríkà, àfi tí onítọ̀hún bá fi hàn pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọrùn yín ni ẹ̀rí wà. Ẹni tí aya rẹ̀ wà ní Houston tàbí Baltimore sì ní iṣẹ́ láti ṣe ju aládùúgbò rẹ̀ lọ, torí pé ohun tó lè dá a dúró lọ́hùn-ún ti wà nílẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ṣé mo fẹ́ lọ kí ìyàwó mi kí n padà ni, àbí mo fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀? Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ lọ máa gbé ni, ẹ má wulẹ̀ náwó sórí B-2. Fọ́ọ̀mù I-130, èyí tí ọkọ tàbí aya tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà fi ń béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ wá gbé ibẹ̀, ni ọ̀nà tiyín, a ó dé ibẹ̀.

Ṣé wọ́n ń fún ará Benin ní físà ìbẹ̀wò lásìkò yìí?

Ẹ ka èyí dáadáa kí ẹ tó san ohunkóhun. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá 2025, Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí ìkéde kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2026. Ó dá físà B-1 (ti òwò), B-2 (ti ìbẹ̀wò), F àti M (ti akẹ́kọ̀ọ́) àti J (ti pàṣípààrọ̀) dúró fún àwọn ọmọ Benin, ó sì dá físà àwọn tó fẹ́ lọ gbé ibẹ̀ dúró pẹ̀lú. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó lọ ni kì í padà nígbà tí ọjọ́ wọn bá pé. Nàìjíríà wà nínú ìkéde kan náà, nítorí náà ará Kétu tó ní páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà kò tíì bọ́. Togo ti wà lábẹ́ irú rẹ̀ láti oṣù Kẹfà 2025.

Àwọn tí kò kàn ni ẹni tí físà rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ tí kò sì tíì parí lọ́jọ́ tí ìkéde náà bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ní green card, ìyẹn ìwé àṣẹ láti máa gbé Amẹ́ríkà, àti ẹni tó tún jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn tí kò sí nínú ìkéde náà, tó sì ń fi páásípọ́ọ̀tù ibẹ̀ rìn. Pé ẹnì kan jẹ́ ọkọ tàbí aya ọmọ Amẹ́ríkà kò yọ ọ́ nínú rẹ̀. Wọ́n ṣì lè gba fọ́ọ̀mù yín kí wọ́n sì pè yín wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tìtorí ìkéde náà sọ pé rárá, owó yín ti lọ nìyẹn.

Irú ìkéde báyìí máa ń yí padà. Ẹ wo travel.state.gov lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ sanwó gan-an, ẹ má gbára lé ohun tí ẹnìkan gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Gbogbo ohun tó kù lójú ìwé yìí wà fún àwọn tí ìkéde náà kò kàn, àti fún ẹni tó fẹ́ kí ìwé òun ti pé kí ọ̀nà tó ṣí.

Wọ́n ní kí n kọ pé mi ò tíì gbéyàwó, pé ó máa rọrùn. Ṣé òótọ́ ni?

Kò sí ìmọ̀ràn tó ń ba ayé tọkọtaya jẹ́ tó èyí, àwọn tó ń báni kọ fọ́ọ̀mù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ló sì ń fún èèyàn jù. Irọ́ lórí ohun tó kan físà gbọ̀ngbọ̀n ni òfin 212(a)(6)(C) ń fìyà jẹ. Ìyà náà kì í tán: títí ayé ni wọn ò ní jẹ́ kí ẹni náà wọ Amẹ́ríkà, àfi tí wọ́n bá fún un ní ìdáríjì, èyí tí gbígbà rẹ̀ le tó sì ń gbówó. Ẹ rò ó wò. Lónìí, ẹ kọ pé ẹ ò láya. Lọ́dún méjì sí i, aya yín fi I-130 sílẹ̀ fún yín pẹ̀lú ìwé ìgbéyàwó tí ọjọ́ rẹ̀ ti ṣáájú fọ́ọ̀mù tí ẹ fi purọ́. Ìwé méjèèjì á wà lórí kọ̀ǹpútà kan náà. Àìgba B-2 kì í ba ọ̀nà ìgbéyàwó jẹ́, irọ́ ló ń bà á jẹ́.

Nínú DS-160, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí ẹ fi ń béèrè físà ìbẹ̀wò, ibi mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ti ń jáde. Àkọ́kọ́ ni ibi tí wọ́n ti ń béèrè bóyá ẹ ti gbéyàwó, tí ẹ ó sì kọ orúkọ, ọjọ́ ìbí àti orílẹ̀-èdè ọkọ tàbí aya yín. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á béèrè bóyá ẹ ní ìbátan tímọ́tímọ́ ní Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí bàbá àti ìyá. Tí aya yín bá ń gbé ibẹ̀, “Yes” ni, ẹ sì tún ní láti sọ pé ọmọ ìlú ni. Ìkẹta ni ìbéèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti fi ìwé sílẹ̀ rí pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ wá gbé Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ máa ń kọ “No” síbẹ̀ torí pé aya wọn ló fi ìwé náà sílẹ̀, kì í ṣe àwọn fúnra wọn. Àṣìṣe ni, torí ẹni tí wọ́n fi ìwé sílẹ̀ fún gan-an ni wọ́n ń béèrè.

Ìdáná nìkan la ṣe, a ò tíì lọ sí mérì. Kí ni kí n kọ?

Òfin Benin, Code des personnes et de la famille ti ọdún 2004, kò ka ìgbéyàwó sí àfi èyí tí officier de l'état civil bá so ní mérì. Amẹ́ríkà sì máa ń wo òfin ibi tí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó. Nítorí náà, tó bá jẹ́ Benin lẹ ti gbé ìdáná tí ẹ ò sì lọ sí mérì, ẹ kò tíì di tọkọtaya lábẹ́ òfin. Èyí kò wá ní kí ẹ fi ẹni náà pamọ́. Tí wọ́n bá bi yín ní ojú fèrèsé pé ta lẹ fẹ́ lọ bá, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí: a ti ṣe ìdáná, a ò tíì forúkọ sílẹ̀ ní mérì.

Ẹni tó ti fẹ́ aya kan ní mérì tẹ́lẹ̀, tí ilé ẹjọ́ kò sì tíì tú u ká, kó mọ̀ pé ìgbéyàwó tó ṣe pẹ̀lú ọmọ Amẹ́ríkà lẹ́yìn rẹ̀ kò dúró. Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ilé ẹjọ́ ni kó kọ́kọ́ lọ wá.

Ìyàwó mi ti fi I-130 sílẹ̀. Ṣé B-2 ti bọ́ nìyẹn?

Kò tíì bọ́, ṣùgbọ́n ó le sí i. I-130 jẹ́ ìwé tó ń sọ pé ẹ fẹ́ lọ gbé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, B-2 sì ń fẹ́ kí ẹ fi hàn pé ẹ ó padà lọ́tẹ̀ yìí. Físà iṣẹ́ bíi H-1B àti L gba ìfẹ́ méjèèjì pọ̀, B-2 kò gbà á. Ohun tó lè ran yín lọ́wọ́ ni ìdí ìrìn àjò tó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Ó lè jẹ́ pé ìyàwó fẹ́ bímọ, tàbí pé bàbá ìyàwó ń ṣe ọjọ́ ìbí 80 ọdún. Ẹ fi ẹ̀rí kún un pé ẹ ó padà wá dúró de I-130 náà nílé. Ẹni tó ti lọ sí Amẹ́ríkà rí tó sì padà kí ọjọ́ I-94 rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ jáde, tó pé ní ẹ̀rí tó lágbára ju lẹ́tà mẹ́wàá lọ.

Ẹ̀rí wo ló ń fi hàn pé mo máa padà?

Ó dá lórí irú ayé tí ẹ ń gbé. Kò sí ìwé kan tó bá gbogbo ènìyàn mu, ẹ má sì lọ ra ìwé tí kì í ṣe tiyín.

Tíṣà tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba ní Àjàṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ rọrùn jù: attestation de travail tó sọ ọdún tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìwé ìsinmi tó ní ọjọ́ ìpadà sẹ́nu iṣẹ́, bulletin de salaire oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn, àti ìwé báńkì oṣù mẹ́fà tí owó oṣù náà ń wọ̀. Kí iye tó wà lórí bulletin bá èyí tó wọ báńkì mu. Tí kò bá bá a mu torí pé wọ́n ń yọ owó gbèsè, ẹ mú ìwé gbèsè náà dání, torí pé gbèsè tí ẹ ń san nílé náà ń so yín mọ́lé.

Oníṣòwò ní ọjà Kétu máa ń rò pé òun ò ní nǹkan kan láti fi hàn. Ó ní! Nọ́ńbà owó orí IFU, ìwé RCCM tó bá ti forúkọ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ìwé owó orí, àti ìwé ìfowópamọ́ CLCAM tàbí báńkì tó fi hàn pé owó ń wọlé ó ń jáde fún oṣù mélòó kan. Ohun tó ń ba irú èyí jẹ́ ni owó gọbọi kan tó já wọ inú àkáǹtì ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọ́n mọ̀ pé ẹnìkan ló yá a. Mílíọ̀nù kan CFA tó ń yí láti ọdún tó kọjá sàn ju mílíọ̀nù márùn-ún tó dé lánàá lọ.

Fún àgbẹ̀ kájú ní Ṣábẹ̀ẹ́, ọjọ́ ìrìn àjò fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí. Kájú ń bọ́ láti bí oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ lọ ní oṣù Kẹta, ta ni yóò ṣa kájú? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ta kájú tán, tó lọ ní oṣù Keje, tó sì ní òun gbọ́dọ̀ ti dé kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé kí òun lè ro abẹ́ igi kí iná ìgbẹ́ má baà jó o, ti sọ ọ̀rọ̀ tó ní orí tó ní ìdí. Kó mú ìwé ilẹ̀ dání, ìbáà jẹ́ titre foncier tàbí ìwé tí mérì fọwọ́ sí, àti rìsíìtì ẹni tó ń ra kájú lọ́wọ́ rẹ̀.

Tí ọkọ tàbí aya yín tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà bá ń bá yín gbé ní Benin, kò sí ẹ̀rí tó ju ìyẹn lọ. Ẹ mú ìwé ilé tí ẹ jọ háyà, carte de séjour rẹ̀, ìwé iṣẹ́ rẹ̀ níbí, certificat de scolarité àwọn ọmọ, àti tíkẹ́ẹ̀tì tó fi hàn pé ẹ jọ ń lọ ẹ sì jọ ń bọ̀. Ìlú Amẹ́ríkà kì í fa ẹni tí ilé rẹ̀ àti aya rẹ̀ wà ní Àjàṣẹ́.

Ṣé kí ìyàwó mi kọ lẹ́tà pé òun ló máa gbọ́ bùkátà mi?

Ó lè kọ ọ́, kò pọn dandan. Fọ́ọ̀mù I-134, ìwé ìlérí agbọ́bùkátà, kò sì sọ B-2 di dídájú. Àwọn àna wa lọ́hùn-ún máa ń náwó àti àkókò púpọ̀ lórí lẹ́tà yìí, wọ́n á fi ìwé owó orí àti ìwé ilé wọn kún un. Ọ̀rọ̀ owó nìkan ló ń yanjú, kò yanjú ọ̀rọ̀ ìpadà. Bó bá sì jẹ́ pé gbogbo agbára ìwé yín wà lọ́dọ̀ ìyàwó ní Amẹ́ríkà tí kò sí nǹkan kan nílé, ńṣe ló ń fi kún ìfura. Ojú ìwé kan tó sọ ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀, ibi tí ẹ ó sùn àti ọjọ́ tí ẹ ó padà ti tó.

Báwo ni mo ṣe máa ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀?

Orí ceac.state.gov lẹ ti máa kọ DS-160, ọ̀fẹ́ sì ni fọ́ọ̀mù náà fúnra rẹ̀. Ẹ kọ Application ID sínú ìwé kí ẹ tó lọ síwájú, torí tí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú láìfọwọ́ kàn án, ó máa ń ti ara rẹ̀. Iná lè lọ, íntánẹ́ẹ̀tì lè já, ẹ sáà máa tẹ “Save” ní òpin ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi ń dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ lè yan Faransé kí ìtumọ̀ ìbéèrè máa hàn. Orúkọ yín gbọ́dọ̀ rí bó ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tù, lẹ́tà dé lẹ́tà. Tí acte de naissance bá kọ “né vers”, bí páásípọ́ọ̀tù bá ṣe kọ ọjọ́ ìbí ni kí ẹ tẹ̀ lé. Wọ́n tún ń béèrè orúkọ tí ẹ ń lò lórí Facebook, TikTok àti irú wọn fún ọdún márùn-ún sẹ́yìn.

Fọ́tò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5 sí 5, ẹ̀yìn funfun, láìsí awò ojú, kó má sì ju oṣù mẹ́fà lọ.

Owó físà jẹ́ dọ́là 185, ó lé ní 100,000 CFA. Wọn kì í dá a padà, ẹ ò sì lè gbé e fún ẹlòmíràn. Ọdún kan ni rìsíìtì rẹ̀ ń lò. Ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà wà ní Marina ní Kùtọnù. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ṣábẹ̀ẹ́ kó sùn sí Kùtọnù mọ́jú, kó má fi ọ̀nà jíjìn ṣe ti òwúrọ̀.

Àwọn ará Kétu máa ń bi wá nípa Èkó torí ó súnmọ́ wọn. Láti oṣù Kẹsàn-án 2025, orílẹ̀-èdè tí ẹ ti jẹ́ ọmọ ìlú tàbí ibi tí ẹ ń gbé ni kí ẹ ti béèrè físà. Ọmọ Benin tí kò ní ìwé pé òun ń gbé Nàìjíríà kó gba Kùtọnù lọ.

Kí ni wọ́n máa ń bi èèyàn?

Wọ́n á gba ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ẹ ó sì dúró síwájú gíláàsì. Òṣìṣẹ́ náà ń ka DS-160 yín lórí kọ̀ǹpútà bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà lè máà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, ó sì lè máà wo ìwé kan nínú fáìlì yín. Ìdí nìyí tí fọ́ọ̀mù fi ṣe pàtàkì ju fáìlì lọ. Ẹ lè sọ Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ fi fóònù sílẹ̀ nílé.

Ẹ múra sílẹ̀ de ìbéèrè yìí ju gbogbo rẹ̀ lọ: “Kí ló dé tí ẹ ò gba físà ìgbéyàwó?” Ẹni tó bá ń wo òrùlé nígbà tí wọ́n bá bi í ti pàdánù. Ìdáhùn tó dára máa ń kúrú: “Iṣẹ́ mi wà ní Àjàṣẹ́, èmi àti ìyàwó mi pinnu pé a ò ní kó lọ títí ọmọ wa yóò fi ṣe BAC. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fẹ́ lọ lò, ọjọ́ báyìí ni mo ní láti wọlé sẹ́nu iṣẹ́.” Kò gbọdọ̀ jẹ́ àkọ́sórí, òótọ́ yín ni kó jẹ́. Kí ìyàwó náà sì mọ̀ ọ́n, torí ìlú tó ń gbé, iṣẹ́ tó ń ṣe àti ọjọ́ tí ẹ gbéyàwó kò yẹ kó ta yín lẹ́nu.

Wọ́n ní rárá. Kí ló kù?

Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n fún yín. Tó bá jẹ́ 214(b), kò sí ibi tí ẹ ti lè pẹjọ́. Ẹ lè padà béèrè nígbàkígbà, ṣùgbọ́n ẹ ó san dọ́là 185 mìíràn, a ò sì rí èrè nínú kí ẹ padà lọ ní oṣù tó tẹ̀ lé e nígbà tí nǹkan kan ò yí padà. Tó bá jẹ́ 221(g), wọ́n ń dúró de ìwé kan tàbí àyẹ̀wò kan ni. Nígbà mìíràn tí ẹ bá kọ DS-160, ẹ sọ pé wọ́n ti kọ̀ fún yín rí.

Tí mo bá dé ọ̀hún, ṣé mo lè dúró kí n sọ ọ́ di green card?

Físà kì í ṣe ìwé ìwọlé, òṣìṣẹ́ ìbodè ní pápákọ̀ òfuurufú ló ń pinnu. Ó lè yẹ àpótí àti fóònù yín wò. Ẹni tó ní òun ń lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àmọ́ tó kó acte de naissance, gbogbo ìwé ẹ̀rí iléèwé àti aṣọ òtútù ọdún méjì dání ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó fẹ́ ṣe. Tí wọ́n bá dá a padà lábẹ́ àṣẹ kíákíá, ọdún márùn-ún ni kò ní lè wọlé. Tí wọ́n bá gbà á, I-94 ni yóò sọ ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ jáde, èyí tí kì í sábàá ju oṣù mẹ́fà lọ.

Òfin gba ọkọ tàbí aya ọmọ Amẹ́ríkà tó bá wọlé lọ́nà tó tọ́ láyè láti béèrè green card láti inú Amẹ́ríkà níbẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: ẹni tó ti pinnu ìyẹn kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, tó wá sọ fún òṣìṣẹ́ físà pé ìbẹ̀wò lásán ni, irọ́ ló pa. Bí ó bá gbé irú ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí 90 ọjọ́ tó pé lẹ́yìn tó wọlé, ìlànà ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wọn gbà pé ó ti ní in lọ́kàn tẹ́lẹ̀. A ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó fi B-2 ṣe ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ẹni tó bá sì jókòó kọjá ọjọ́ rẹ̀ fún ju 180 ọjọ́ lọ kó tó jáde, ọdún mẹ́ta ni kò ní lè padà wọlé. Tó bá pé ọdún kan, ọdún mẹ́wàá ni.

Èwo ni ọ̀nà I-130, èló sì ni?

Ìyàwó tàbí ọkọ tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà ló ń fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ USCIS, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ wá gbé ibẹ̀: dọ́là 625 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 675 lórí bébà. Tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, dọ́là 325 fún físà àti 120 fún ìwé agbọ́bùkátà tó kù láti san, lẹ́yìn náà 235 fún green card. Owó dókítà yàtọ̀. Ìwé ìgbéyàwó mérì, acte de naissance láti ANIP àti casier judiciaire wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè. Ìwé Faransé tó bá ń lọ sí USCIS gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí atúmọ̀ fọwọ́ sí. Owó tó ń wọlé fún ìyàwó gbọ́dọ̀ tó ìdá 125 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n fi ń ṣe òdiwọ̀n òṣì. Tí kò bá tó, ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ lè fọwọ́ kún un.

Àwọn ọmọ wa ńkọ́? Ṣé kí wọ́n béèrè físà pẹ̀lú mi?

Ẹ má tíì sanwó fún wọn. Ọmọ tí wọ́n bí ní Benin fún òbí tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà lè ti jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà láti ọjọ́ ìbí rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé òbí kan ṣoṣo ló jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tí àwọn òbí sì ti ṣègbéyàwó, òfin ń béèrè pé kí òbí náà ti gbé Amẹ́ríkà fún ọdún márùn-ún kí wọ́n tó bí ọmọ náà, méjì nínú rẹ̀ lẹ́yìn tó pé ọdún 14. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í gba físà, páásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà ló gbọ́dọ̀ fi wọlé. Ilé iṣẹ́ aṣojú ní Kùtọnù ni ẹ ó ti béèrè ìwé ìbí rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní CRBA, kó tó pé ọdún 18. Kí òbí tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà kó ìwé iléèwé, ìwé owó orí tàbí ìwé iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ jọ láti fi ka ọdún márùn-ún náà pé, torí páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ nìkan kò tó fi hàn.